Àna mi fi Palmer nà mí lọ́sẹ̀ kẹfà: ibo gan-an ni mo ti ṣìṣe?

Àkànbí_Mọ́kọlá · 1 Oṣù Kẹwàá 2024, 9:14 àárọ̀

Ẹ kú ọlidé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Òmìnira Nàìjíríà la ń ṣe lónìí, ṣùgbọ́n èmi ò tíì gba òmìnira lọ́wọ́ àbúrò ìyàwó mi.

Fún ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń ṣe tiwa: lígì ojúkojú ni, lórí Fantasy Premier League, eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ti ń kó àwọn agbábọ́ọ̀lù gidi jọ, tí ohun tí wọ́n bá ṣe lójú pápá á di póìǹtì fún un. Èèyàn 12 ni wá, ẹbí àti ọ̀rẹ́. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ẹnì kan á kojú ẹnì kan. Ẹni tí póìǹtì rẹ̀ bá pọ̀ jù á gba 3, bó bá jẹ́ ọ̀mì, ẹnìkọ̀ọ̀kan á mú 1. Láti ọ̀sẹ̀ kìíní dé ìkarùn-ún, kò sẹ́ni tí mo pàdé tí mi ò nà. Àna mi yìí, sáà rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló tíì borí. Èmi fúnra mi ni mo ní ká ta tẹ́tẹ́ àsun. Mo tiẹ̀ sọ fún ìyàwó mi pé kó ti máa bá mi pẹ̀tù sí àbúrò rẹ̀ nínú.

Haaland ti Man City ni mo fi ṣe balógun, ẹni tí wọ́n ń ka póìǹtì rẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ta ni kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀? Eré márùn-ún, gòólù 10: ọ̀kan sáwọ̀n Chelsea, mẹ́ta sáwọ̀n Ipswich, mẹ́ta sáwọ̀n West Ham, méjì sáwọ̀n Brentford, ọ̀kan sáwọ̀n Arsenal. Palmer ti Chelsea wà lọ́dọ̀ mi náà o, ṣùgbọ́n kò gba báńdì balógun. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì àyà mi já, mo pààrọ̀ èèyàn mẹ́ta nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ mọ̀ pé 4 ni wọ́n ń yọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá lé. Wọ́n yọ 8.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òde ìdána la wà ní Bódìjà. Aago mọ́kànlá ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpè, ẹ mọ̀ wá, ó ti kọjá aago mẹ́ta kí nǹkan tó gbérasọ. Haaland ti gbá tirẹ̀ tán ní Newcastle, 1–1, kò rí nǹkan kan ṣe. Póìǹtì 2, ìlọ́po méjì rẹ̀ 4. Mo ní kò burú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àmàlà síwájú mi ni fóònù gbọ̀n nínú àpò agbádá. Àna mi ni. Ohun tó kọ kò ju "1" lọ. Mi ò lóye. Mo fọwọ́ kan ọbẹ̀ báyìí, ó tún gbọ̀n: "2". Kí n tó ṣan ọwọ́ mi, "3" ti dé. Nígbà tí "4" máa wọlé, alága ìjókòó ti ń pe ẹbí ọkọ jáde, ìyàwó mi ń ta mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì pé kí n dìde, èmi ń wo fóònù bí ẹni tí wọ́n já ìwé ìkọ̀sílẹ̀ fún lójú agbo ìdána.

Ibi tó parí sí: èmi 77, wọ́n yọ 8, ó ku 69. Òun tó so báńdì mọ́ Palmer, 80.

Ẹ dákun, ẹ má sọ fún mi pé "Haaland ló fà á". Ìyàwó mi ti sọ ìyẹn. Ibo gan-an ni mo ti ṣìṣe?

---

Rédíò_Alẹ́ · 9:20 àárọ̀

Haaland ló fà á.

---

ỌmọGunners_Òṣogbo · 9:41 àárọ̀

Ẹ má dá Rédíò lóhùn jàre. Ẹ̀gbọ́n, orí ló gbè é, kò sí ọgbọ́n kankan ńbẹ̀. Ta ló fẹ́ mọ̀ pé Palmer máa gbá mẹ́rin wọlé láàárín ogún ìṣẹ́jú? Ìṣẹ́jú 21 ló bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 41 ló parí rẹ̀. Brighton ló tiẹ̀ kọ́kọ́ gbá wọlé! Kò tíì sẹ́ni tó gbá mẹ́rin ní abala àkọ́kọ́ rí láti ìgbà tí Premier League ti wà. Ohun tí ojú kò rí rí, ẹ fẹ́ fi bá ara yín wí? Ẹ ra àsun fún ọmọ náà, kẹ́ ẹ gbàgbé.

---

Olùkọ́Ìṣirò_Abẹ́òkúta · 10:05 àárọ̀

Ẹ kú ọlidé. Ẹ má tíì ra àsun. Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn:

Èèyàn mélòó ló jọra nínú mọ́kànlá yín àti tirẹ̀? Ta lẹ rà, ta lẹ tà? Ta ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì yín, tí wọn ò ka póìǹtì rẹ̀?

Ohun tí Palmer gbà kò ṣòro: gòólù mẹ́rin, márùn-ún márùn-ún torí àárín ni wọ́n kà á sí, 20. Ó gbá ju ọgọ́ta ìṣẹ́jú lọ, 2. Bónọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fún ẹni tó dáa jù nínú eré, 3. Ó jẹ́ 25, lọ́wọ́ àna yín ó di 50. Àwa gbogbo mọ ìyẹn. Àwọn mẹ́wàá yòókù ni mo fẹ́ gbọ́ nípa wọn, torí ẹni tó ní 80, tí 50 nínú rẹ̀ wá láti ẹsẹ̀ ẹnì kan, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lágbára tó bí ẹ ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀.

---

Àkànbí_Mọ́kọlá · 10:32 àárọ̀

Olùkọ́, ẹ ti fẹ́ bọ́ mi láṣọ.

Mẹ́jọ ló jọra, Haaland àti Palmer wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, márùn-ún ló jọra. Mo lọ yẹ ẹgbẹ́ tó lò lọ́sẹ̀ karùn-ún wò, mo rí mẹ́ta tí mi ò ní, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bí àwọn wọ̀nyí bá lọ gbá wọlé, ojú á tì mí. Àwọn gan-an ni mo lọ rà. Mi ò ní dárúkọ wọn, kí ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó 7 wá.

Àwọn tí mo tà kó 14. Solanke wà lára wọn, òun ló sì lọ gbá ọ̀kan wọlé lọ́jọ́ Àìkú tí Tottenham fi 3–0 na Man United ní Old Trafford.

Àwọn mẹ́ta tèmi tí kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ kó 26. Àwọn mẹ́ta tirẹ̀ tí kò sí lọ́dọ̀ mi kó 6.

Lórí bẹ́ǹṣì... ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín. Dwight McNeil ti Everton.

---

Rédíò_Alẹ́ · 10:34 àárọ̀

McNeil tó gbá méjì sáwọ̀n Palace? Yéè!

---

Àkànbí_Mọ́kọlá · 10:37 àárọ̀

Òun. Everton kò tíì borí eré kankan nígbà yẹn, póìǹtì kan péré ni wọ́n ní nínú eré márùn-ún. Ẹni tí mo gbé sí ipò rẹ̀ wọlé nígbà tí eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó mú 1 wá.

---

Olùkọ́Ìṣirò_Abẹ́òkúta · 11:18 àárọ̀

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí mo ṣe ń ṣe é fún àwọn ọmọ JSS 2 lórí pátákó.

Nínú eré ojúkojú, agbábọ́ọ̀lù tó bá wà lọ́dọ̀ ẹ̀yin méjèèjì, ẹ pa á rẹ́. Bó gbá gòólù mẹ́wàá, bó gba káàdì pupa, kò kan ìjà yín, àfi bí ọ̀kan nínú yín bá so báńdì mọ́ ọn lápá. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tẹ́ ẹ pa wọ́n rẹ́, òun gan-an lẹ gbá.

Ẹ pa àwọn mẹ́jọ rẹ́. Ó ku báńdì, ó ku mẹ́ta sí mẹ́ta. Báńdì tirẹ̀ fi 25 kún un, tiyín fi 2 kún un. Ó fi 23 jù yín níbẹ̀. Mẹ́ta yín 26, mẹ́ta tirẹ̀ 6. Ẹ fi 20 jù ú níbẹ̀. Ẹ yọ 20 kúrò nínú 23.

3.

Gbogbo ariwo Palmer yẹn, gòólù mẹ́rin, "1, 2, 3, 4" tó ń wọ àpò agbádá, 3 péré ló fi jù yín. 8 tó kù tó fi di 11, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín gé e lára yín.

Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mẹ́ta tẹ́ ẹ rà ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe rà wọ́n ni wọ́n para wọn rẹ́. Póìǹtì 8 lẹ san kẹ́ ẹ lè jọ ẹni tí ẹgbẹ́ yín ti dáa jù tirẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀. Ká ní ẹ jókòó yín jẹ́ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì: 77, ẹ yọ 7, ẹ fi 14 kún un, 84. Ẹ̀yin lẹ bá borí pẹ̀lú 4, pẹ̀lú Haaland yẹn náà ní balógun.

Ẹ dákun, ẹ tún un kà.

---

ỌmọGunners_Òṣogbo · 11:25 àárọ̀

Mo tún un kà. Mo kó ọ̀rọ̀ orí mi jẹ.

---

ÌyáÌbejì_Peckham · 11:50 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Ìṣirò yín mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ méjì.

Èkíní, a máa ń sọ pé ẹni tó bá wà níwájú ni kó fara wé ẹni tó wà lẹ́yìn, kí ìyàtọ̀ má baà pọ̀ tí ẹni ẹ̀yìn máa fi rí ọ̀nà yọ. Àkànbí ló wà níwájú. Nítorí náà, ohun tó rò kì í ṣe ìrònú ọmọdé.

Èkejì, ẹ ti yára fọ Haaland mọ́ jù. Èmi náà òun ni mo gbé o, nínú bọ́ọ̀sì, nígbà tí mò ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, aago mọ́kànlá ń lé mi, ojú mi ò là dáadáa. Àmọ́ nígbà tí mo jí, mo bi ara mi pé kí ni mo mọ̀ kí wọ́n tó tìlẹ̀kùn ìpààrọ̀? Mo mọ̀ pé orúnkún Rodri, agbábọ́ọ̀lù àárín City, ti bàjẹ́ nínú eré Arsenal lọ́jọ́ 22 Oṣù Kẹsàn-án. Mo mọ̀ pé Newcastle ni City ń lọ, wọn kì í ṣe Ipswich tó wá bá wọn nílé. Mo mọ̀ pé Chelsea wà nílé, pé àwọn difẹ́ńdà Brighton máa ń dúró sókè, tí ẹ̀yìn wọn á ṣófo bí pápá ilé ìwé lásìkò ọlidé. Ibẹ̀ gan-an ni Palmer ń sáré lọ lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ìyẹn wà lójú táyé, a kàn jẹ́ kí gòólù 10 bò wá lójú ni.

---

Olùkọ́Ìṣirò_Abẹ́òkúta · 12:16 ọ̀sán

Àǹtí, mo gba ti èkejì dé ìwọ̀n kan. Palmer kì í ṣe ẹni àìmọ̀, ìyàn tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n tún eré yẹn gbá nígbà ogún, ẹ sọ tòótọ́, ìgbà mélòó ni Haaland máa fi 2 lọlé? Ẹni tó bá yí ìrònú rẹ̀ padà torí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á so báńdì mọ́ Palmer, Palmer náà á sì já a kulẹ̀.

Ti èkíní, ẹ wí ire. Kí ẹni iwájú fara wé ẹni ẹ̀yìn, ó dáa, bó bá jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó san 8 láti fara wé ti gbé ipò iwájú fún ẹlòmíì kí wọ́n tó fọn fèrè. Àti pé báńdì ló yẹ kó fara wé, báńdì kò sì ṣe é wò: ẹgbẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìkan ni wọ́n á fi hàn wá, ti ọ̀sẹ̀ yìí á wà nípamọ́ títí wọ́n á fi tìlẹ̀kùn, àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ṣáájú eré àkọ́kọ́.

---

Àna_Balógun · 12:40 ọ̀sán *(ọmọ ẹgbẹ́ tuntun)*

Ẹ kú ọlidé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi líǹkì yìí ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa difẹ́ńdà Brighton o. Ohun tí mo mọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi yìí. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì mo gbé ẹgbẹ́ wọn ọ̀sẹ̀ karùn-ún síwájú, mo ní Haaland ni wọ́n máa gbé, kò sí bó ṣe lè rí kó má rí bẹ́ẹ̀. Bí èmi náà bá gbé e, báńdì pa báńdì rẹ́, àwọn yòókù wọn sì dáa jù tèmi lọ, mo ti fìdí rẹmi nìyẹn kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo wá ẹni tó dáa jù tí wọn ò ní í gbé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní èmi ló wà nípò wọn, Haaland lèmi náà bá gbé.

Kì í sì í ṣe pé ó máa ń bọ́ sí i. Lọ́sẹ̀ kẹta mo ṣe irú rẹ̀ fún ẹlòmíì nínú lígì wa, mo kọ Haaland sílẹ̀, ìyẹn lọ gbá mẹ́ta ní West Ham. Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe fi mí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

---

Àkànbí_Mọ́kọlá · 12:52 ọ̀sán

Nínú ilé mi lọ̀dàlẹ̀ wà.

Àna mi, mo gbà fún ẹ. Àṣé o ti jókòó ka ọwọ́ mi kí n tó ta ayò. Èmi wo ẹgbẹ́ ẹ, ẹ̀rù bà mí, mo fẹ́ jọ ẹ́. Ìwọ wo tèmi, o mọ̀ pé o kéré, o sá fún jíjọ mi. Ojú ewé kan náà la jọ wò.

---

ÌyáÌbejì_Peckham · 1:10 ọ̀sán

Ọmọ yìí gbọ́n. Ẹ ra àsun fún un, kí ẹ fi gísáàdì sí i.

---

ỌmọGunners_Òṣogbo · 1:31 ọ̀sán

Èmi ṣì ń bínú pé ẹ ta Solanke. Ọmọ wa! Ìlànà tèmi kò le: Saka, Iwobi, Ola Aina, Solanke, mo máa ń rí i pé méjì nínú wọn kò kúrò nílé mi. Bí wọn ò tiẹ̀ gbá wọlé, ara mi á yá nígbà tí òyìnbó bá ń fi ahọ́n kọlu "Bukayo".

---

Olùkọ́Ìṣirò_Abẹ́òkúta · 1:44 ọ̀sán

Póìǹtì mélòó ni wọ́n ń fún ara yíyá?

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí McNeil kí n tó lọ jẹun. Gòólù méjì 10, ìṣẹ́jú 2, ká tó ka bónọ́ọ̀sì. Ká ní òun ló wọlé dípò ẹni tó mú 1 wá, ó kéré tán ọ̀mì ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ìyẹn bá Àkànbí wí bí mo ṣe fi tránsífà bá a wí. Everton ò tíì borí, òótọ́ ni. McNeil gbá ọ̀kan sáwọ̀n Aston Villa lọ́sẹ̀ kẹrin, òótọ́ nìyẹn náà. Ó wà ní àárín méjì. Ẹni tí mo fẹ́ kó wò dáadáa ni ẹni tó gbé wọlé dípò rẹ̀: ṣé ó dá a lójú pé ẹni yẹn máa bẹ̀rẹ̀ eré? Ẹni tí kooshi rẹ̀ ń fi ṣe àfikún, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa gbá. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé bó bá jókòó láìgbá rárá, McNeil á bọ́ sójú pápá dípò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn gan-an ló dí ọ̀nà mọ́ McNeil.

---

Rédíò_Alẹ́ · 2:03 ọ̀sán

Ìyẹn yé mi. Àfikún burú ju aláìsàn lọ.

---

Àkànbí_Mọ́kọlá · 2:20 ọ̀sán

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́. Kí wá ni kí n ṣe lọ́sẹ̀ keje? Alátakò mi ni ẹnì kejì mi nílé ẹ̀kọ́, òun ló wà lókè lígì báyìí. Ọwọ́ mi ti ń yún mi láti ra nǹkan.

---

ÌyáÌbejì_Peckham · 2:38 ọ̀sán

Ẹ fi ọwọ́ yẹn sábẹ́ ìrọ̀rí. Sáà yìí ni wọ́n yí òfin padà, ìpààrọ̀ ọ̀fẹ́ ṣe é kó jọ dé 5, tẹ́lẹ̀ kì í ju 2 lọ. Bẹ́ ẹ bá fi ti ọ̀sẹ̀ yìí pamọ́, méjì lẹ máa ní lọ́sẹ̀ kẹjọ, láìsan kọ́bọ̀. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ alẹ́, mo ti fi òfin de ara mi: mi ò ní fọwọ́ kan ẹgbẹ́ lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àfi bẹ́nìkan bá fara pa. Gbogbo 4 tí wọ́n ti yọ lára mi láyé, òru ni mo fi ṣe é.

---

Olùkọ́Ìṣirò_Abẹ́òkúta · 2:51 ọ̀sán

Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ san 4, ẹ bi ara yín: ṣé ẹni tí mo fẹ́ rà máa fi márùn-ún ju ẹni tí mo fẹ́ tà lọ? Mẹ́rin kọ́ o, márùn-ún, torí mẹ́rin kàn dá yín padà síbi tẹ́ ẹ wà ni. Bẹ́ ò bá lè sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ìyàwó yín láìrẹ́rìn-ín, ẹ fi sílẹ̀.

---

Àkànbí_Mọ́kọlá · 7 Oṣù Kẹwàá 2024, 7:48 àárọ̀

Mo padà dé.

Mi ò pààrọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìpààrọ̀ ọ̀fẹ́ mi ti di 2. Lọ́jọ́bọ̀ mo kọ orúkọ gbogbo èèyàn ẹnì kejì mi sẹ́yìn ìwé iná mànàmáná, mo ń fi bírò pa èyí tó jọra rẹ́. Ìyàwó mi rò pé owó iná ni mò ń ṣírò, ó ní wọ́n ti fi kún un ni? Ó ku mẹ́rin sí mẹ́rin. Mẹ́rin tirẹ̀ dáa ju tèmi lọ, ojú mi rí i kedere. Nítorí náà èmi ni mo dà bí àna mi lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kí n sá fún Haaland. Southampton ń bọ̀ wá bá Arsenal, ẹgbẹ́ Saka, ní Emirates. Mo so báńdì mọ́ Saka.

Ẹ mọ bó ṣe lọ. Southampton ló kọ́kọ́ gbá wọlé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn náà Saka fún Havertz, ó wọlé. Ó tún fún Martinelli, ó wọlé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré tán, òun fúnra rẹ̀ gbá tirẹ̀. Haaland kò gbá kankan sáwọ̀n Fulham. Mo ti ń jó kiri pálọ̀, ọmọ mi ń tẹ̀lé mi lẹ́yìn láìmọ ohun tí à ń jó sí, kí n tó ṣí ẹgbẹ́ ẹnì kejì mi wò.

Òun náà, Saka ló gbé.

Báńdì pa báńdì rẹ́. Mẹ́rin sí mẹ́rin ló kù, mẹ́rin tirẹ̀ sì dáa jù. Ó fi 5 nà mí. McNeil tí mo wá gbé jáde lọ́sẹ̀ yìí ńkọ́? Everton òun Newcastle, 0–0.

---

Olùkọ́Ìṣirò_Abẹ́òkúta · 8:30 àárọ̀

Póìǹtì mélòó ni wọ́n yọ lára yín?

---

Àkànbí_Mọ́kọlá · 8:33 àárọ̀

Òdo.

---

Olùkọ́Ìṣirò_Abẹ́òkúta · 8:35 àárọ̀

Mi ò ní ìbéèrè mìíràn.

---

Àna_Balógun · 9:02 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Àsun ọ̀sẹ̀ kẹfà ńkọ́?

---

Àkànbí_Mọ́kọlá · 9:05 àárọ̀

Mo rà á lánàá. Ó wà nínú fíríìjì. Ẹ̀gbọ́n ẹ obìnrin ní òun ń tọ́ ọ wò bóyá ata rẹ̀ pọ̀ jù, láti àná náà ló ti ń tọ́ ọ wò. Tètè máa bọ̀.